Ìtóbi àti Iye: Ojú tí Ará Òkè-Òkun fi ń Wo Ilé, láti Ọjà Ọba Adó-Èkìtì

Ìfáàrà

Òwe kan kì í jìnnà sí ẹnu Yorùbá nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ẹni tó ti ìdálẹ̀ dé. Wọ́n ní bí ọmọdé kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tó tóbi tó ti bàbá òun. Ìtumọ̀ tí ọ̀pọ̀ ń fún òwe yìí ni pé ìrìn àjò a máa la ojú ẹni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí olùkà bá tún òwe náà gbọ́ dáadáa, yóò rí i pé ohun kan ṣoṣo ni ó ṣèlérí fún ọmọ tó rìn: yóò mọ bí oko bàbá rẹ̀ ti tóbi mọ. Òwe náà kò sọ pé yóò mọ iye ebè tó wà níbẹ̀, tàbí ẹni tó kọ wọ́n, tàbí gbèsè tí bàbá náà jẹ kí iṣu tó dé ọjà. Ìtóbi ni àjò ń kọ́ ni. Iye kò sí nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Orí ìyàtọ̀ kékeré yìí ni àyẹ̀wò yìí dúró lé. Bí lámèyítọ́ bá ń sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀dá ìtàn tó ti òkè-òkun bọ̀, ìbéèrè tí ó sábà máa ń béèrè ni bóyá àjò ti bà á jẹ́ tàbí ó ti tún un ṣe. Bí ẹ̀dá ìtàn náà bá wọ kóòtù tí ó sì ń fi imú sọ̀rọ̀, wọ́n á ní àjò ti bà á jẹ́. Bí ó bá wọ agbádá tí ó sì dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀, wọ́n á ní ó mọ iyì ilé. Ìbéèrè náà kò jinlẹ̀ tó. Ẹnì kan lè mọ iyì ilé dé góńgó kí ó má sì mọ iye tí wọ́n ń ta gààrí níbẹ̀. Àìmọ̀ yìí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ọkàn rẹ̀. Ibi tí ó dúró sí fún ọdún gbọọrọ ni ó fà á.

Iṣẹ́ mẹ́rin ni àyẹ̀wò yìí yóò gbé yẹ̀ wò. Méjì àkọ́kọ́ jẹ́ eré onítàn tí ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà ní Ọ̀yọ́ bí, ìyẹn Ọba Wàjà ti Dúró Ládiípọ̀ (1964) àti Death and the King's Horseman ti Wọlé Ṣóyínká (1975). Méjì yòókù jẹ́ àkójọ ewì Níyì Ọ̀ṣúndáre, Songs of the Marketplace (1983) àti The Eye of the Earth (1986). Pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ mẹ́ta nínú wọn kò sọ wọ́n di ọ̀rọ̀ àlejò, nítorí Yorùbá ni èrò tó wà nínú wọn, àwọn ará ilé ni wọ́n sì ń bá wí. Ọjà Ọba Adó-Èkìtì ni ibi tí àyẹ̀wò yìí yóò dúró sí láti wo gbogbo wọn. Ìdí méjì ló fà á. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni Ọ̀ṣúndáre, Ìkẹ́rẹ́ sì bá Adó pààlà. Ní Adó náà ni ó ti kàwé ní Christ's School, ilé-ìwé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1933. Èkejì ni pé inú ọjà ni eré Ṣóyínká ti bẹ̀rẹ̀, irú ọjà tó súnmọ́ ààfin bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ọjà gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n

Ọjà Ọba kò jìnnà sí ààfin Ewì. Bí ó ti rí ní Adó ni ó rí ní Àkúrẹ́ àti ní Ìlọrin, bẹ́ẹ̀ náà sì ni Akẹ̀sán rí sí ààfin Aláàfin ní Ọ̀yọ́. Níbi tí ọba bá fìdí kalẹ̀ sí, ọjà a máa wà ní ìtòsí, kí ọba lè máa gbọ́ ohun tí ìlú ń jẹ àti ohun tí ìlú kò rí jẹ. Àwọn tó ń kọ̀wé lórí àṣà a máa pe irú ọjà bẹ́ẹ̀ ní ibi ìpàdé, ibi eré, ibi ìkéde. Gbogbo rẹ̀ ni ó jẹ́. Ṣùgbọ́n kí ó tó jẹ́ èyíkéyìí nínú wọn, ibi tí wọ́n ti ń wọn nǹkan ni. Kóńgò ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀wà, gààrí àti èlùbọ́ níbẹ̀, ọwọ́ ẹni tó ń wọ̀n ọ́n sì ni orí kóńgò wà: ó lè jẹ́ kí ó rí ṣóńṣó, ó sì lè fi ọwọ́ nù ún kí ó tẹ́jú.

Kí olùkà fi ojú inú wo ọmọ Adó kan tó ti lo ogún ọdún ní Lọ́ńdọ̀nù, tó dúró níwájú ìyá elélùbọ́ kan ní ọjà yìí. Ó béèrè pé, “Ìyá, èló ni kóńgò kan?” Kí ìyá náà tó dáhùn tán, ó ti yí owó náà sí pọ́n-ùn lọ́kàn rẹ̀, ó sì rí i pé kò tó owó bọ́ọ̀sì kan ní ibi tí òun ti ń bọ̀. Ó san án láìnáà. Ó tilẹ̀ fi díẹ̀ lé e. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti jẹ́ kí náírà máa wá ipò rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ìṣirò yìí ti túbọ̀ rọrùn fún un. Nǹkan bí 460 náírà ni wọ́n ń gbà fún dọ́là kan ṣáájú ìgbà náà. Ní oṣù kejì ọdún 2024 ó ti kọjá 1,400. Ohun tí ó jẹ́ ẹkún fún ìyá elélùbọ́ ti di ẹ̀rín fún oníbàárà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó hùwà ibi sí ẹnìkejì rẹ̀ nínú wọn.

Kò tíì pẹ́ tí oníbàárà yìí kúrò níbẹ̀ tí ó tún yọ òṣùwọ̀n mìíràn jáde. Ó wo gọ́tà, ó wo ojú ọ̀nà, ó gbọ́ ariwo ẹ̀rọ amúnáwá, ó sì mí kanlẹ̀ pé ìlú yìí kò níláárí. Ilé kan náà ti di ilé tí nǹkan ti pọ̀ yanturu àti ilé tí nǹkan kò sí, láàrin àkókò tí kò tó ìdajì wákàtí. Kò purọ́ nígbà kìíní, kò sì purọ́ nígbà kejì. Pọ́n-ùn ni ó fi wọn èlùbọ́, ojú títì Lọ́ńdọ̀nù ni ó fi wọn gọ́tà, kò sì sí èyí tó jẹ́ òṣùwọ̀n ìyá elélùbọ́ nínú méjèèjì. Òṣùwọ̀n ti ìyá náà ni iye tí ó rà á lóko, owó ọkọ̀ tí ó gbé e wá, owó ìṣọ́, àti iye tí yóò kù sí i lọ́wọ́ kí ó tó lè padà lọ rà á ní ọjọ́ ọjà mìíràn.

Ohun tí kò hàn sí ọmọ náà ni pé owó tó san láìnáà kò dùn mọ́ ìyá náà nínú tó bí ó ti rò. Ọjà nínà kì í ṣe ìjà lórí owó nìkan. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń kí ara wọn, tí wọ́n ti ń mọ ọmọ ẹni tí ẹnìkan í ṣe, tí wọ́n ti ń bú ìjọba, tí wọ́n sì ń gbọ́ ẹni tó kú. Ẹni tó bá san owó tí kò ná ọjà ti rà á, ṣùgbọ́n kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ulé ni ará Adó ń pe ilé. Ọmọ náà kò sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Bóyá òun gan-an ló rọ̀ mọ́ ọn ju àwọn tó wà nílé lọ, nítorí láti ìgbà tí Adó ti di olú-ìlú ìpínlẹ̀ Èkìtì ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996 ni ẹsẹ̀ àlejò ti pọ̀ níbẹ̀, tí Yorùbá àjùmọ̀lò sì ti gba ọjà. Ọmọ tí kò sí nílé ló wá tọ́jú ohùn ilé. Ṣùgbọ́n ohùn nìkan ni ó tọ́jú, kò tọ́jú iye.

Ohun tí ọ̀nà jíjìn fi hàn

Kò ní bójú mu bí àyẹ̀wò yìí bá fi ẹni tó lọ sí àjò ṣe yẹ̀yẹ́ nìkan. Ìtàn Èkìtì fúnra rẹ̀ kò ní gbà á. Kí ogun Kírìjì tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1877, ọ̀pọ̀ ìjọba ni ó wà ní ilẹ̀ Èkìtì, oníkálukú pẹ̀lú ọba tirẹ̀ àti ọjà ọba tirẹ̀. Ẹni tó jókòó sí Adó mọ ohun tó ya Adó sí Ìkẹ́rẹ́, ó sì mọ ohun tó ya Ìkẹ́rẹ́ sí Ìsẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n wà ní Èkó, tí àwọn mìíràn láàrin wọn ti dé Sàró tàbí Bùràsíìlì kí wọ́n tó padà, kò rí ìyàtọ̀ wọ̀nyí bí ohun ńlá mọ́. Láti ibi tí wọ́n wà, ilẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń wò, ìyà kan ṣoṣo ni ilẹ̀ náà sì ń jẹ. Wọ́n dá ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀ ní Èkó, wọ́n sì wá ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé, èyí tó yí ojú ogun padà títí di ìgbà tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886. Àjò ni ó kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí láti fi ọ̀rọ̀ ẹnu kan pe gbogbo ilẹ̀ náà. Èyí ni ìtóbi tí òwe ọjọ́sí ń wí, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé kò wúlò.

Ohun tó yẹ kí lámèyítọ́ ṣàkíyèsí ni pé àwọn tó wà ní ojú ogun, tí Ògèdèǹgbé àti Fábùnmi kó sòdí, ni wọ́n san iye ìtóbi náà. Ọ̀nà ni Èkó ti rí gbogbo Èkìtì. Ní òkè Kírìjì ni wọ́n ti kà á lórí.

Ọmọ méjì, bàbá kan

Ní oṣù kejìlá ọdún 1944 ni Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà. Àṣà ní kí Olókùn Ẹṣin bá ọba lọ. Nígbà tí ó múra láti lọ ní oṣù kìíní ọdún 1945, òyìnbó aláṣẹ dá a dúró, ẹ̀mí ọmọ rẹ̀ Múránà sì ni ó bá a lọ dípò tirẹ̀. Ní ojú pópó Ọ̀yọ́ ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Nígbà tí àwọn òǹkọ̀wé méjì yìí máa sọ ọ́ di eré, wọ́n mú ọmọ náà kúrò nílé. Dúró Ládiípọ̀ mú un lọ sí Gánà, ó sì pè é ní Dáwúdù. Ṣóyínká mú un lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ iṣẹ́ dókítà, ó sì pè é ní Olúńdé. Ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ tó ohun tí ó yẹ kí olùkà ronú lé. Ẹni tí kò kúrò nílé a máa rí bí nǹkan ṣe ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ti òkèèrè dé ni yóò bá a lójijì. Ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni àwọn méjèèjì ń wá.

Gánà tí Dáwúdù lọ kì í ṣe òkè-òkun ní ojú àwọn tó kọ́kọ́ wo eré náà. Ọjà ni. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹ̀jìgbò, Ìnísà àti Ọ̀fà kún ibẹ̀, wọ́n ń tajà, wọ́n sì ń fi owó ibẹ̀ kọ́lé sí ìlú wọn. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ ní Ọ̀yọ́ náà ló jẹ níbẹ̀. Nítorí náà Dáwúdù kò mú òṣùwọ̀n tuntun kan bọ̀. Kò sí àríyànjiyàn gígùn láàrin òun àti òyìnbó. Ó dé, ó bá bàbá tí ó wá sin láàyè, ojú tì í, ó sì pa ara rẹ̀. (Ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí eré náà jáde, ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1969, ni ìjọba Busia fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti fi Gánà sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n bí sí Gánà di ẹni tó “padà” sí ilé tí wọn kò rí rí. Ẹ̀dá ìtàn ńlá wà nínú àwọn yẹn, Dáwúdù kò sì lè gbẹnu sọ fún wọn.)

Olúńdé ni ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí àjò ṣe fún un. Eré náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ àjò: ní Churchill College, Cambridge ni Ṣóyínká wà nígbà tí ó kọ ọ́, ní àkókò tí ó fi Nàìjíríà sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀wọ̀n ọdún ogun abẹ́lé. Ó sì kìlọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní eré ìkọlù àṣà méjì. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀, Olúńdé ni wọ́n sì sábà ń tọ́ka sí. Ó dé sí ilé aláṣẹ òyìnbó ní alẹ́ ijó, ó bá Jane, ìyàwó aláṣẹ náà, nínú ẹ̀kú eégún, wọ́n sì jọ sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó ti rí àwọn òyìnbó nínú ogun. Ó ti tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́. Ó ti rí i pé àwọn náà ní ẹbọ tiwọn tí wọn kò pè ní ẹbọ, nítorí náà kò sí ohun tí Jane lè sọ nípa ìwà òǹrorò ilé rẹ̀ tí yóò tì í lójú. Ní ibí yìí, ìtóbi tí òwe wí ti ṣiṣẹ́. Ó dé oko bàbá ẹlòmíràn, ó wo ebè wọn, ó sì mọ bí oko bàbá tirẹ̀ ti tó.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn tó ń yin Olúńdé kì í sábà sọ. Kò dé ọjà. Inú ọjà ni eré náà ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni Ẹlẹ́ṣin ti jó wọlé, ibẹ̀ ni ó ti rí ọmọge tó jẹ́ àfẹ́sọ́nà ọmọ Ìyálọ́jà, ibẹ̀ ni ó ti béèrè fún un, ibẹ̀ náà ni Ìyálọ́jà ti gbà fún un lẹ́yìn tí ó ti kọ́kọ́ lọ́ra. Gbogbo ẹni tó wà lọ́jà lọ́jọ́ náà mọ̀ pé wọ́n ti ná ẹbọ náà, wọ́n sì mọ iye tí wọ́n tà á. Olúńdé nìkan ni kò mọ̀. Ọ̀nà ilé aláṣẹ ni ó gbà, láti kìlọ̀ fún un kí ó má dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ó dá a lójú pé bàbá òun ti lọ, débi pé ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí òkú. Ìdánilójú yìí ni ẹ̀bùn tí àjò fún un, ìdánilójú yìí kan náà ni kò sì jẹ́ kí ó béèrè. Ní òkè-òkun, bàbá rẹ̀ ti di ohun kan ṣoṣo lọ́kàn rẹ̀: ipò rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn aṣọ olówó iyebíye, tó fẹ́ràn obìnrin, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo ní ìdí ohun dídùn, ti pòórá kúrò nínú àwòrán náà. Àwọn obìnrin ọjà kò ní irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Wọ́n mọ Ẹlẹ́ṣin bí wọ́n ti mọ oníbàárà.

Èyí kò sọ pé ọjà náà mọ́. Ìyálọ́jà tó wá fi ọ̀rọ̀ gún Ẹlẹ́ṣin ní ẹ̀wọ̀n ní ìgbẹ̀yìn ni ó fún un ní ìyàwó náà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó wà nílé mọ iye, mímọ̀ yìí sì lè mú kí ó ta ohun tí kò yẹ ní títà. Bí Olúńdé kò bá ti dé rárá, ó ṣeé ṣe kí ìlú fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́ lẹ́nu. Ará àjò ni ó wá béèrè gbogbo ìtóbi rẹ̀, tí ó sì fi ẹ̀mí san án.

Yorùbá ní ayé lọjà, ọ̀run nilé. Bí wọ́n bá fi òwe yìí wo eré náà, ọ̀rọ̀ àjò inú rẹ̀ yóò yí padà pátápátá. Ẹlẹ́ṣin tí kò kúrò ní Ọ̀yọ́ ni ó wà lájò, nítorí ó wà lọ́jà, ó sì yẹ kí ó relé. Kò lè lọ. Olúńdé tí ó gun ọkọ̀ ojú omi dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò dúró lọ́jà rárá, ó ti òkè-òkun kọjá lọ sí ilé kejì. Òun ni ó dé ilé lẹ́ẹ̀mejì nínú alẹ́ kan. Nígbà tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wọlé, àwọn obìnrin ọjà ni wọ́n gbé e. Ìgbà yẹn ni ọjà àti ọmọ àjò kọ́kọ́ fi ara kan ara, ẹ̀pa kò sì bóró mọ́.

Àpáta àti àtẹ

Níyì Ọ̀ṣúndáre kàwé ní Ìbàdàn, ó lọ sí Leeds, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní York University ní Toronto, Kánádà, ní 1979. Bàbá rẹ̀ jẹ́ àgbẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ń hun aṣọ. Àkójọ ewì tó kọ́kọ́ tẹ̀ jáde lẹ́yìn tí ó dé ni Songs of the Marketplace, orúkọ yìí kò sì ṣèèṣì. Ewì àkọ́kọ́ inú rẹ̀ sọ ohun tí ewì jẹ́, ó sì ka igbe ẹni tó ń kiri ọjà mọ́ ọn. Ojú tí ó fi wo Nàìjíríà nínú ìwé náà jẹ́ ojú ẹni tó ń lọ láti àtẹ dé àtẹ. Ó ń rí ọmọ tí ebi ń pa, ó ń rí ilé-ìwé tó ti wó, ó ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ àwọn aláṣẹ. Inú ń bí i. Ẹni tó ti rí bí wọ́n ti ń ṣe nǹkan níbòmíràn ni, ìbínú rẹ̀ sì ní òṣùwọ̀n méjèèjì nínú: ó mọ bí ó ti yẹ kí ó tóbi tó, ó sì mọ iye tí wọ́n ń tà á.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni The Eye of the Earth jáde, tí ó sì gba ẹ̀bùn ewì àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth. Èyí ni ìwé tí ọ̀pọ̀ fẹ́ràn jù, ó sì dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ilé inú rẹ̀ ti yí padà. Akéwì padà sí Ìkẹ́rẹ́, igbó ìgbà èwe rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ pàdé. Lẹ́yìn náà ni àwọn àpáta Olósùnta àti Òròòlé dìde kí i. Olósùnta ni ó sọ̀rọ̀, ó sì bá ọmọ náà wí pé ó ti pẹ́ lájò. Kò sí ẹni tó bí sí Èkìtì tí ara rẹ̀ kò ní yá níbẹ̀. Síbẹ̀ ó yẹ kí lámèyítọ́ béèrè ìdí tí ó fi jẹ́ àpáta ni ó jáde wá kí i, tí kì í ṣe ènìyàn. Àpáta kì í ná ọjà. Kì í béèrè ohun tí arìnrìn-àjò mú bọ̀. Ibi tí wọ́n fi í sílẹ̀ sí ni wọ́n ń bá a, ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ àwòrán ilé tó rọrùn jù fún ẹni tó ti pẹ́ lọ́hùn-ún. Ìtóbi pọ̀ nínú ewì náà. Iye fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí níbẹ̀.

Akéwì fúnra rẹ̀ dà bí ẹni tó mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí nínú ìwé kan náà ni ewì “Harvestcall” wà, ibẹ̀ sì ni ọjà ti padà wọlé. Ó pe orúkọ oko kan, Iyánfọwọ́rọgi, ibi tí iṣu pọ̀ débi tí iyán fúnra rẹ̀ fi rí igi fẹ̀yìn tì. Ó wá béèrè ibi tí gbogbo rẹ̀ lọ. Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti arìnrìn-àjò tó ń ṣàárò lásán. Wọ́n ti kéde Operation Feed the Nation ní 1976, wọ́n ti kéde Green Revolution ní 1980, ìrẹsì òkèèrè sì ń wọlé lọ́pọ̀ yanturu. Ní 1986 tí ìwé náà jáde gan-an ni ètò SAP bẹ̀rẹ̀ tí náírà sì kọ́kọ́ já wálẹ̀ gidigidi. Ẹni tó ń jẹ iyán ní Èkìtì mọ ohun tí “Harvestcall” ń wí láìjẹ́ pé ó ti rí Toronto. Ẹni tó ti rí Toronto nìkan kò ní mọ̀ ọ́n. Ní ìdájọ́ àyẹ̀wò yìí, ewì yìí ju ti àpáta lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ti àpáta ni wọ́n ń kà jù fún àwọn ọmọ ilé-ìwé.

Ọ̀rọ̀ kan kù lórí akéwì yìí. Ní 1997 ó lọ sí University of New Orleans ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ìjì Katrina jà ní oṣù kẹjọ ọdún 2005, omi ká òun àti ìyàwó rẹ̀ mọ́ àjà ilé wọn, wọ́n sì pàdánù ilé náà àti àwọn ìwé rẹ̀. City Without People (2011) ni ó kọ lórí rẹ̀. Nínú ìwé náà, ìlú àjò ni ó ń ṣọ̀fọ̀, kì í sì í ṣe àpáta ni ó fi ṣe é bí kò ṣe àwọn nǹkan kéékèèké: ìwé tó rà, ilé tó gbé, orúkọ àwọn tó ràn án lọ́wọ́. Ó mọ iye tí New Orleans jẹ́ nítorí ó san án. Ó yẹ kí olùkà fi ìwé yìí àti ewì Olósùnta sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Níbi tí akéwì ti ń gbé ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ ti kún fún iye; níbi tí ó ti wá ni ó kún fún ìtóbi.

Ọjà tí wọ́n wó

Àwọn ọ̀dọ́ Èkìtì tó ń lọ lóde òní, tí wọ́n ń pe lílọ náà ní jápa, kì í lọ pẹ̀lú ilé kan náà lọ́kàn. Èyí tó lọ ní 1995 gbé Adó tó wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó lọ. Èyí tó lọ ní 2010 gbé Ọjà Ọba àtijọ́ lọ, pẹ̀lú páànù rẹ̀ tó ti dípẹtà àti ọ̀nà tóóró àárín àwọn àtẹ. Ní sáà kejì Ayọ̀délé Fáyóṣé gẹ́gẹ́ bíi gómìnà, láàrin 2014 sí 2018, ni wọ́n wó ọjà náà láti kọ́ ti ìgbàlódé síbẹ̀. Àwọn tó ń tajà níbẹ̀ kó àtẹ wọn kiri títí wọ́n fi kọ́ ọ, ohun tó sì ṣubú lọ́wọ́ wọn láàrin ìgbà náà kò sí nínú àwòrán tí àwọn ará òkè-òkun ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn nígbà tí ilé tuntun náà dìde. Ó dára lójú wọn. Ìlú ti ń tóbi.

Àpáta Olósùnta ṣì wà níbi tí ó wà. Ẹni tó fi Adó sílẹ̀ ní 2010 lè dúró ní ojú ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ kí ó tọ́ka sí i fún àwọn ọmọ rẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ mọ ibi tí àtẹ ìyá rẹ̀ wà nínú ọjà àtijọ́, yóò ní láti béèrè. Ẹni tí yóò sì fi hàn án ni obìnrin kan tí kò lọ sí ibì kankan, tí yóò kọ́kọ́ bi í pé kí ni ó fẹ́ rà.